Gásẹ́ẹ̀tì: Akéde Tí Kì í Jáde Nílé

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni atọ́kùn ètò wa ti bi mí léèrè pé, kí ni ìdí rẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé láti Ìkòròdú dé Agbowa, láti Agbowa dé Ẹ̀pẹ́, bí ènìyàn bá fẹ́ ra ilẹ̀, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, ‘Ṣé ó ní gásẹ́ẹ̀tì?’ Ìbéèrè náà bọ́ sí àkókò, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń béèrè rẹ̀ ni ó rò pé irú ìwé ilẹ̀ kan ni gásẹ́ẹ̀tì í ṣe. Kì í ṣe ìwé ilẹ̀ rárá. Ìwé ìkéde ìjọba ni. Inú rẹ̀ ni ìjọba ti ń sọ fún ará ìlú ohun tí ó ti pa láṣẹ, ẹni tí ó ti yàn sípò, ohun tí ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn àti ohun tí ó fẹ́ dá padà fún wọn. Ilẹ̀ kàn jẹ́ ẹyọ kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ tí ń gba inú rẹ̀ kọjá ni. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan ni àwọn ará Agbowa fi mọ̀ ọ́n, ó ní ibi tí bàtà ti ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kí Òyìnbó tó dé, akéde ni gásẹ́ẹ̀tì ọba. Bí àṣẹ kan bá jáde láàfin, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ orò, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ojú ọ̀nà, ìbáà jẹ́ ọjọ́ tí ọjà kò ní í ná, akéde á mú agogo rẹ̀, á sì máa gba àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn tí ó lọ sóko bá ti wálé. Á lù ú, á dúró, á ní ọba ní kí òun kí gbogbo ilé, lẹ́yìn náà ni yóò jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé akéde ni ó ń tọ ará ìlú lọ. Kì í ṣe ará ìlú ni ó ń wá akéde kiri. Èdè tí wọ́n fi ń bá ọmọ wọn wí nílé ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sì yé ìyá arúgbó kan tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó lè pè é padà pé, ‘Dúró ná, ọmọ mi. Ta ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí? Ṣé ó kan àwa tí a wá láti abúlé?’ Akéde kò ní í ṣàì dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí pé a fẹ́ràn àtijọ́ kí a bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ohùn akéde kò kọjá ibi tí agogo rẹ̀ dé. Ẹni tí ó sùn sí oko kò gbọ́. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ìjà dé, ta ni yóò jẹ́rìí sí ohun tí akéde sọ gan-an? Bàbá tí ó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi níhìn-ín ti rán mi létí pé àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Akéde lè ṣe àfikún, aláṣẹ náà sì lè yí ohùn padà pé òun kọ́ ni òun rán an ní iṣẹ́ tí ó jẹ́. Ibi tí ìwé ti ran aráyé lọ́wọ́ nìyí: a lè ṣí i padà, a lè fi ìka tọ́ ọ, a lè sọ fún aláṣẹ pé ohun tí o wí lánàá rèé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n mú gásẹ́ẹ̀tì dé etí ọ̀sà wa kò dá a sílẹ̀ nítorí tiwa. Ní ọdún 1665, àjàkálẹ̀ àrùn ń pa ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, Ọba Charles Kejì sì kó àwọn ará ààfin rẹ̀ lọ sí ìlú Oxford. Ìtàn sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn ará ààfin láti fọwọ́ kan ìwé ìròyìn tí ó bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ tiwọn níbẹ̀, tí wọ́n pè é ní Oxford Gazette. Nígbà tí ọba padà sílé ní ọdún 1666, ìwé náà bá a padà, ó sì di London Gazette, èyí tí a ṣì ń tẹ̀ títí di òní olónìí. Ohun tí ó mú kí ìwé náà tọ́jọ́ ni pé ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀ ni ìjọba sọ. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, àhesọ ni. Gbogbo ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ti ri òpó àsíá wọn mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó sí abẹ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba tí ń fi ìwé sọ̀rọ̀ fìdí múlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wa láti ìgbà náà. Nígbà tí Lugard so Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1914, gásẹ́ẹ̀tì di ọ̀kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè, orúkọ rẹ̀ sì ni Nigeria Gazette. Nígbà tí ó yá, àwọn Ẹkùn náà ní tiwọn. Ẹ má gbàgbé pé láti ọdún 1951 ni a ti pa Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Ìkẹjà àti Àgbádárìgì pọ̀ mọ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ará Agbowa, tí wọ́n ń wo omi ọ̀sà Èkó láti ẹ̀yìnkùlé wọn, Ìbàdàn ni gásẹ́ẹ̀tì tí ó ń ṣe òfin fún wọn ti ń jáde fún bí ọdún mẹ́rìndínlógún.

Bí ẹ bá ṣí ẹ̀dà kan nínú àwọn ti àtijọ́, ẹ ó rí i pé ó dà bí ọjà tí kò ní ìsọ̀. Àjẹ́lẹ̀ kan ti gba ìsinmi lọ sí ìlú Òyìnbó, òmíràn ti dé. Wọ́n gba akọ̀wé tuntun. Ẹnìkan kú láì ṣe ìwé ìpíngún, kí àwọn tí ó jẹ lówó jáde wá. Ẹnìkan sọ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nù. Ní àárín gbogbo ìwọ̀nyí, ní ìlà mẹ́fà tàbí méje, láìsí lẹ́tà ńlá kankan tí ó lè mú ojú: ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ kan báyìí báyìí, láti orí òkúta ààlà kan dé orí èkejì. Nígbà tí ó yá ni wọ́n wá to àfikún rẹ̀ létòlétò. Àfikún A ni ti òfin tí Ilé Aṣòfin ti ṣe, Àfikún B ni ti àwọn ìlànà tí àwọn mínísítà àti àwọn ọ́fíìsì ìjọba ṣe lábẹ́ òfin, Àfikún C ni ti àbá òfin tí a kò tíì fọwọ́ sí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, Àfikún B ni kí ẹ máa wò jù, nítorí pé níbẹ̀ ni ọwọ́ ìjọba ti ń kan ẹni lára lójoojúmọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí á fi ojú inú wo àgbẹ̀ kan ní Agbowa ní nǹkan bí ọdún 1930. Ọkọ̀ ojú omi ni ó fi ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ọjà Ẹ̀jìnrìn, nígbà mìíràn ó lè bá a dé Èkó. Gásẹ́ẹ̀tì jáde ní Èkó pẹ̀lú òfin tuntun. Ẹ̀dà kan lè dé ọ̀dọ̀ àjẹ́lẹ̀. Akọ̀wé á tò ó lé orí àwọn ẹ̀dà tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè délẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá rántí, ó lè sọ fún àkódà. Bí àkódà bá ń lọ sí apá ibẹ̀, ó lè sọ fún baálẹ̀. Baálẹ̀ náà lè wá rán akéde. Nínú ‘bí’ àti ‘lè’ wọ̀nyí ni ìgbọ́ràn ará ìlú wà. Ṣùgbọ́n ní ojú òfin, àgbẹ̀ yìí ti gbọ́ láti ọjọ́ tí tádàwà ti gbẹ lórí bébà ní Èkó. Abala 22 nínú òfin ìwà ọ̀daràn wa sọ ọ́ gbangba pé àìmọ òfin kì í ṣe àwíjàre, àfi bí òfin náà fúnra rẹ̀ bá sọ pé mímọ̀ ọ́n wà lára ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tí ó tún le jù ni ohun tí òfin ìtumọ̀, èyí tí a ṣe ní ọdún 1964, wí: bí òfin kan kò bá dárúkọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é gan-an ni ó bẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé gásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Àwọn baba wa ní etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọba mọ̀ pé bí òun yóò bá gbọ́, ènìyàn ni òun yóò rán. Òfin ìwé ní tirẹ̀ gbà pé gbogbo ará ìlú ti fi etí sí ilé ìtẹ̀wé, kò sì rán ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan rí àlàfo yìí, wọ́n sì gbìyànjú láti dí i. Ní ọdún 1920 sí 1930, àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ń jáde ní Èkó lọ́kọ̀ọ̀kan, Eko Akete ti Adéoyè Dénígà ní ọdún 1922, Eleti Ofe ti Akíntán ní ọdún 1923. Nígbà tí Isaac B. Thomas dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1928, Akede Eko ni ó sọ ọ́. Mo gbà pé orúkọ náà kì í ṣe orúkọ lásán. Ó mọ ipò tí ó ṣófo.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dààmú. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 1870 gbà pé ìwé ń rin ìrìn-àjò. Ó ní òfin yóò múlẹ̀ ní Paris lẹ́yìn ọjọ́ kan gbáko tí ó bá ti jáde. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú yòókù, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ kan gbáko tí Journal officiel, èyíinì ni gásẹ́ẹ̀tì tiwọn, bá tó dé olú-ìlú agbègbè náà. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀: ará oko kò tíì jẹ̀bi nígbà tí ìwé ṣì wà lójú ọ̀nà. Dídé ibẹ̀ kì í ṣe kíkà, mo mọ̀, èdè Faransé ni àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ náà sì ń bá pàdé nínú Journal officiel tiwọn títí di òní. Síbẹ̀, ó sàn ju kí a ṣe bí ẹni pé ọ̀nà kò jìn.

Ti Amẹ́ríkà ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Títí di ọdún 1935, ìjọba àpapọ̀ wọn kò ní ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo ìlànà ń jáde sí. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí rẹ̀. Ìjọba wá mú àwọn kan tí ń wa epo rọ̀bì ní Texas pé wọ́n rú ìlànà. Ẹjọ́ ti ń lọ láti kóòtù kan dé èkejì kí wọ́n tó rí i pé nígbà tí ìjọba ń ṣe àtúnṣe sí ìlànà náà, abala tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pe ẹjọ́ ti bọ́ sílẹ̀ láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ìjọba ń fi òfin tí kò sí mú ènìyàn! Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ níbẹ̀ dá ẹjọ́ náà ní oṣù Kìíní ọdún 1935. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ṣe òfin pé kí ìwé ìkéde ojoojúmọ́ kan wà, Federal Register, ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1936. Nígbà tí ó di ọdún 1946, wọ́n fi èyí tí ó ṣe pàtàkì jù kún un: kí ọ́fíìsì kan tó fi ọ̀pọ̀ ìlànà múlẹ̀, yóò kọ́kọ́ tẹ àbá rẹ̀ jáde, ará ìlú yóò sì ní àyè láti kọ̀wé sí i pé ibi báyìí kò bá wa lára mu. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ìyá arúgbó tí ó pe akéde padà ni wọ́n tún rí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ní ọdún 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ọ̀rọ̀ rédíò wọ inú ilé ní Èkó, àwọn ènìyàn wa sì fún àpótí náà ní orúkọ tí ó bá a mu: asọ̀rọ̀-má-gbèsì. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1966, asọ̀rọ̀-má-gbèsì di akéde, gásẹ́ẹ̀tì sì di ẹ̀rí tí ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Lórí afẹ́fẹ́ ni Gówòn ti kéde ìpínlẹ̀ méjìlá ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Òfin rẹ̀ ni dìkíríì Nọ́ńbà 14 ti ọdún náà. Ará Agbowa tí ó sùn ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn jí ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí jẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, mi ò jiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè.

Nínú òfin ìpìlẹ̀ tí a fi gba òmìnira, a ti kọ ọ́ pé a kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni fún ohun tí kò sí nínú òfin tí a kọ sílẹ̀. Ìyẹn ni ó gba obìnrin kan sílẹ̀ ní ọdún 1961, nínú ẹjọ́ tí àwọn amòfin ń pè ní Aoko àti Fágbèmí. Kóòtù ìbílẹ̀ ti dá a lẹ́bi àgbèrè. Ilé Ẹjọ́ Gíga fagi lé e, ó ní kí wọ́n fi ibi tí a kọ ẹ̀ṣẹ̀ náà sí han òun, kò sì sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìjọba, ẹ máa fi ẹjọ́ yìí ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn kan lè sọ pé ó ba àṣà jẹ́. Èrò tèmi ni pé ó sọ fún aláṣẹ pé bí o kò bá kéde, má ṣe nà mí.

Ẹ wá fi wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ àwọn ológun. Dìkíríì Nọ́ńbà 20 ti ọdún 1984 fi ikú ṣe ìjìyà fún gbígbé oògùn olóró, ó sì nà ọwọ́ sẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ti ṣẹ̀ kí ó tó jáde. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Èkó lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán, ti wà ní àtìmọ́lé kí ẹnikẹ́ni tó kọ òfin tí ó pa á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀bẹ̀ fún wọn, àwọn àlùfáà, àwọn amòfin, àwọn òǹkọ̀wé, kò gbọ́. Gásẹ́ẹ̀tì wà, a tẹ òfin náà sínú rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní ìkéde tí ó dé lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀? Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 pàápàá, abẹ́ dìkíríì Nọ́ńbà 24 ni ó ti jáde, ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún náà. Àwọn ènìyàn ti dìbò yan ààrẹ ní oṣù Kejì láìtíì rí ojú òfin tí yóò fi ṣe ìjọba lé wọn lórí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á dé orí ilẹ̀, níbi tí atọ́kùn ti bẹ̀rẹ̀. Gbígba ilẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ òfin ilẹ̀ ìjọba ọdún 1903 ni wọ́n ti gba ilẹ̀ Olóyè Olúwa ní Àpápá, tí ó fi di ẹjọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ sí ìlú Òyìnbó ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ náà dá a láre pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn ènìyàn, pé kí ìjọba sanwó rẹ̀ ní kíkún bí ẹni pé òun ni ó ni ín pátápátá. Ṣùgbọ́n olóyè aláde funfun ní Èkó ni Olúwa, ó ní amòfin, ó ní Macaulay. Àgbẹ̀ mi ní Agbowa kò ní èyíkéyìí nínú wọn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, dìkíríì Nọ́ńbà 6 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà. Àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ burúkú púpọ̀ sí òfin yìí, mo sì wà lára wọn. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò gba ariwo tí ó tọ́ sí i. Abala 28 ní bí gómìnà bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ̀tọ́ náà kò kúrò títí ìwé ìfitónilétí yóò fi dé ọwọ́ onílẹ̀. Abala 44 sì sọ bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: kí a fi lé e lọ́wọ́, tàbí kí a fi sílẹ̀ ní ilé tí ó ń gbé, tàbí kí a fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀; bí a bá wá a tí a kò rí i, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i lórí ilẹ̀ náà. Kò sí gásẹ́ẹ̀tì nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Ní ọdún 1989, nínú ẹjọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Bendel àti Aideyan, tí ilẹ̀ rẹ̀ wà ní ìlú Benin, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà fìdí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀: títẹ ìkéde sínú gásẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó, ẹni tí ó ni ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́. Àwa Yorùbá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́ pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n ó gbà wá ní ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ òfin ìwé kí adájọ́ tó fi ẹnu òfin sọ ọ́.

Ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìjọba ti fi àṣẹ gba ilẹ̀ tí ó gbòòrò nígbà kan tàbí òmíràn. Abúlé ń bẹ nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ibojì baba ń bẹ, oko ń bẹ. Àwọn ọmọ ilẹ̀ á kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n yọ apá kan sílẹ̀ fún àwọn. Bí ìjọba bá gbà, yóò tẹ orúkọ abúlé náà, iye hẹ́kítà tí ó yọ sílẹ̀ àti ibi tí òkúta ààlà rẹ̀ wà sínú gásẹ́ẹ̀tì Ìpínlẹ̀ Èkó. Ibi tí ‘Ṣé ó ní gásẹ́ẹ̀tì?’ ti ṣẹ̀ wá nìyẹn. Ìwé kan náà tí ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ baba ni ọmọ ń gbé kiri lónìí láti fi ta èyí tí ó ṣẹ́kù. Nínú gbogbo ìtàn gásẹ́ẹ̀tì, èyí ni ó jọ mí lójú jùlọ, pé ìwé tí àwọn ènìyàn kì í kà di ìwé tí wọ́n ń bọ bí òrìṣà.

Òrìṣà náà kì í sì í ṣe aláìlábààwọ́n. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ààrẹ fọwọ́ sí àwọn òfin owó orí tuntun mẹ́rin. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá, aṣojú-ṣòfin kan dìde nínú Ilé, ó ní ohun tí òun kà nínú gásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun tí àwọn dìbò fún. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo, àwọn olórí Ilé méjèèjì sì pàṣẹ pé kí a tún àwọn òfin náà tẹ̀ sínú gásẹ́ẹ̀tì, kí a sì fún ará ìlú ní ẹ̀dà tí akọ̀wé Ilé fi ọwọ́ sí. Ẹ rántí bàbá tí ó ní ẹyin lohùn. Ó jọ pé ìwé náà lè bọ́. Ohun tí ó mú kí a rí i ni pé ẹnìkan jókòó, ó fi èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wé èyí tí ó jáde.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé bébà kan wá bá yín ní Agbowa pé gásẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ òun rèé, ẹ má ṣe wo òǹtẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹ béèrè ìdì rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí ó jáde àti ojú ìwé tí orúkọ abúlé náà wà. Ẹ pe awọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ kí ó wọn ibi tí ẹ dúró sí, kí ó sì mú un lọ bá èyí tí ó wà ní ọ́fíìsì olórí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ní Alausa, nítorí pé gásẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ òótọ́ kí ilẹ̀ tí a fi hàn yín má sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ wá ẹ̀dà gásẹ́ẹ̀tì kan wọ kíláàsì. Ẹ yan ìkéde kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tí ó já gaara, kí wọ́n kà á fún ìyá kan ní ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n sì kọ ìbéèrè tí ìyá náà bá bi wọ́n sílẹ̀.

Mo rí i pé atọ́kùn ti ń wo aago, Bàbá náà sì ti ń mi orí láti ìgbà tí mo ti dárúkọ dìkíríì ọdún 1978. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wí tiyín.